Nígbà Tí Omi Bá Wọ́n Nínú Ilẹ̀: Bí Irúgbìn Ṣe Ń Gbèjà Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ omi ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. A ó sọ bí irúgbìn ṣe ń fa omi, bí ó ṣe ń pa á mọ́ nígbà tí ọ̀dá bá dé, àti bí àgbẹ̀ ṣe lè gba omi lẹ́nu irúgbìn rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ ti rí irú èyí rí. Òjò dáwọ́ dúró nínú Oṣù Kẹjọ, oòrùn sì mú. Tó bá di ọ̀sán, ewé àgbàdo á ká bí ìgbà tí ènìyàn ká ẹní. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún là padà. Nínú oko kejì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbin àgbàdo tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n da ajílẹ̀ òyìnbó sí i nídìí láàárín ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí etí ewé rẹ̀ fi gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Àwọn kan á ní ayédèrú ajílẹ̀ ni. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ajílẹ̀ náà lè jẹ́ ojúlówó, kí ó má sì sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òùngbẹ ló ń gbẹ oko méjèèjì. Èkíní rí ọ̀nà gbèjà ara rẹ̀, èkejì kò rí.

IYỌ̀ A MÁA FA OMI

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Bí ẹ bá bu iyọ̀ sí ìgbín lára, omi á máa jáde lára rẹ̀ títí yóò fi súnkì. Bí ẹ̀fọ́ bá rọ lórí àtẹ, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ á wọ́n omi tútù sí i, nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀, ewé náà á tún le. Òfin kan ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé. Bí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi lè gbà kọjá bá wà láàárín omi méjì, omi á máa kúrò ní apá ibi tí iyọ̀ ti kéré lọ sí apá ibi tí iyọ̀ ti pọ̀.

Nígbà tí a bá sọ pé iyọ̀, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan ni a ń wí o. Ajílẹ̀ òyìnbó tó ti yọ́ wà nínú rẹ̀, omi eérú wà nínú rẹ̀, ṣúgà pàápàá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ohunkóhun tó bá yọ́ sínú omi a máa fa omi sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

ILÉ KÉKERÉ TÍ Ń JẸ́ SẸ́Ẹ̀LÌ

Gbogbo ara irúgbìn, láti gbòǹgbò dé ewé, ni a fi àwọn ilé kéékèèké kọ́. Sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ wọn. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ògiri líle lóde. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ògiri náà nínú. Láàárín rẹ̀ ni àpò omi ńlá kan wà, tí irúgbìn ń kó iyọ̀ àti omi pamọ́ sí.

Nígbà tí àpò náà bá kún, omi á máa ti ògiri láti inú, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti táyà. Agbára tí omi fi ń ti ògiri yìí sábà máa ń ju ti afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò kékeré lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Òun ló ń mú kí ọ̀dọ́ àgbàdo dúró gbọingbọin láìní egungun. Bí omi bá dín kù nínú àpò, ògiri á rọ̀, ewé á sì rọ.

Báwo ni gbòǹgbò ṣe ń rí omi fà nígbà náà? Kò ní ẹnu tó fi ń mu ún. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó iyọ̀ wọlé, pàápàá èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pòtásíọ̀mù. Òun ni lẹ́tà K tí ẹ ń rí nínú NPK. Iye pòtásíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì lè ju èyí tó wà nínú omi ilẹ̀ lọ ní ìlọ́po 100. Nítorí náà ni omi ṣe ń tẹ̀ lé e wọlé. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ pé pòtásíọ̀mù nìkan ni wọ́n dìídì ń gbà wọlé. Ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí àbùdá tí irúgbìn fi ń ṣe irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ṣíṣí ilẹ̀kùn nìkan kò tó. Sẹ́ẹ̀lì ní láti ná agbára tó rí nínú oúnjẹ rẹ̀ kí iyọ̀ tó lè wọlé. Ìdí nìyí tí irúgbìn tí ebi ń pa kì í fi í lè fara da ọ̀dá.

BÍ ÌRÒYÌN Ọ̀DÁ ṢE Ń DÉ EWÉ

Nínú gálọ̀nù omi 100 tí gbòǹgbò bá fà, ó lé ní 95 tó ń gba ara ewé jáde sínú afẹ́fẹ́. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ ló ń gbà jáde. A ó pè wọ́n ní ẹnu ewé. Lára ọ̀pọ̀ igi, abẹ́ ewé ni wọ́n pọ̀ sí. Lára àgbàdo, wọ́n wà lókè àti nísàlẹ̀. Irúgbìn kò sì lè pa ẹnu wọ̀nyí dé pátápátá nígbà gbogbo, nítorí ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ tó fi ń se oúnjẹ rẹ̀ ń gbà wọlé. Bí ó bá ṣí wọn, omi á lọ. Bí ó bá pa wọ́n dé, ebi á pa á.

Sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń ṣọ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí bí ètè méjì. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí wọn, wọ́n á kó pòtásíọ̀mù wọlé, omi á tẹ̀ lé e, wọ́n á wú, wọ́n á sì tẹ̀ sẹ́yìn kúrò lára ara wọn. Ẹnu ti ṣí nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ pa á dé, wọ́n á lé pòtásíọ̀mù jáde, omi á bá a jáde, wọ́n á súnkì, ètè méjèèjì á sì pàdé.

Ta ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n pa á dé? Ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń gbẹ, àwọn sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára pé omi ń fi àwọn sílẹ̀. Kíá, èròjà kálíṣíọ̀mù á tú wọ inú sẹ́ẹ̀lì, bí ìgbà tí a lu agogo ìlú. Ní 2014, àwọn onímọ̀ rí ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tí kálíṣíọ̀mù yìí ń gbà wọlé. OSCA1 ni wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn agogo yìí, irúgbìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oje kan tí a ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè: ABA. Frederick Addicott àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i lára òwú ní 1963. Ní 2009 ni àwọn onímọ̀ wá rí etí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ ohùn ABA. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì aṣọ́nà bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á lé iyọ̀ wọn jáde, ẹnu ewé á sì pa dé.

Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń kọ́ wa ni pé gbòǹgbò ló ń ṣe ABA ránṣẹ́ sí ewé. Ní báyìí a ti mọ̀ pé ewé fúnra rẹ̀ ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn lára ewéko kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣèwádìí pé gbòǹgbò tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń rán èròjà mìíràn gòkè, èròjà yìí ló sì ń jí ewé pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ABA. Ìránṣẹ́ ni gbòǹgbò, ewé ló ń dáhùn.

Ohun kejì tí irúgbìn ń ṣe ni pé ó ń fi kún iyọ̀ àti ṣúgà inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kí inú rẹ̀ lè máa fa omi ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Ẹ rántí òfin wa: ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí ni omi ń lọ. Bí ilẹ̀ bá di omi rẹ̀ mú, àfi kí sẹ́ẹ̀lì fi agbára kún agbára. Bí ó bá rí pòtásíọ̀mù nínú ilẹ̀, iṣẹ́ yìí á rọrùn fún un. Bí kò bá rí i, oúnjẹ tí ìbá fi ṣe ọmọ ni yóò máa sọ di ṣúgà fún èyí.

ÌWÀ IRÚGBÌN KÒ DỌ́GBA

Ẹ̀gẹ́ ni ọ̀gá nínú pípa ẹnu dé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, àní kí ilẹ̀ tó gbẹ tán, ó ti ń pa ẹnu ewé rẹ̀ dé. Bí ọ̀dá bá pẹ́, á gbọn ewé dànù, á sì máa fi oúnjẹ inú igi àti gbòǹgbò rẹ̀ gbé ara rẹ̀ ró títí òjò yóò fi padà. Ẹ̀wà náà tètè ń pa ẹnu dé, ó sì ń yí ewé rẹ̀ kí oòrùn má bàa lù ú ní ojú gan-an. Ọkà bàbà ní tirẹ̀ mọ bí a ti ń fi iyọ̀ àti ṣúgà kún inú sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ni ó fi ń dúró nígbà tí àgbàdo bá ti rọ.

Àgbàdo ló nílò àmójútó jù. Ewé tó ká lọ́sàn-án tó sì là nírọ̀lẹ́ ń gbèjà ara rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé oko ní òwúrọ̀ kùtù tí ewé ṣì ká, ọ̀rọ̀ ti le. Ìgbà tí ọ̀dá ń pa á lára jù ni ìgbà tó ń tanná, tí irun ń jáde lórí ọmọ rẹ̀. Bí irun bá pẹ́ kí ó tó jáde nítorí òùngbẹ, àtíkè òdòdó á ti dà nù, ọmọ á sì fọ́n eyín. Láti 2007 ni ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti CIMMYT ti Mẹ́síkò ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti mú irú àgbàdo tó lè fara da ọ̀dá wá fún àgbẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 13 ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ẹ béèrè irú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní agbègbè yín.

BÍ AJÍLẸ̀ ṢE Ń DI Ọ̀TÁ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí oko kejì yẹn. Àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 tó wọn kílò 50 ní kílò 7½ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ń kà sára rẹ̀. Oúnjẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ni pẹ̀lú. Bí ilẹ̀ bá tutù, omi á yọ́ ọ, á tàn káàkiri, gbòǹgbò á sì máa mú un díẹ̀díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, omi díẹ̀ tó kù yí gbòǹgbò ká ni yóò yọ́ ọ, omi náà á sì di iyọ̀ kíkan. Nígbà náà iyọ̀ òde ti ju iyọ̀ inú lọ. Dípò kí omi wọlé, ṣe ni yóò máa jáde láti inú gbòǹgbò sínú ilẹ̀, bí ti ìgbín tí a bu iyọ̀ sí lára.

Ẹ wá wò ó: ẹnu ewé ti pa dé, irúgbìn ti sé ìlẹ̀kùn òkè tán láti dá omi rẹ̀ sí. Ìsàlẹ̀ ni omi wá ń gbà lọ. Kò sí ohun tí ABA lè ṣe sí èyí. Ìdí nìyí tí owó ajílẹ̀ fi lè ṣòfò, tí ọdún kan àgbàdo sì lè bá a lọ, láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ má ṣe fi èyí pe àìtó pòtásíọ̀mù, nítorí etí ewé ń gbẹ nínú méjèèjì. Bí pòtásíọ̀mù kò bá tó, ewé ìsàlẹ̀ tó ti dàgbà ni yóò kọ́kọ́ pọ́n létí, kí ó tó gbẹ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Èyí tí ajílẹ̀ jó máa ń dé lójijì, láìpẹ́ tí a fi ajílẹ̀ sí i.

EÉRÚ YÀTỌ̀ SÍ KÁN-ÚN

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ti mọ ibi tí pòtásíọ̀mù wà tipẹ́tipẹ́. Eérú èèpo kòkó àti eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀, pòtásíọ̀mù ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti iṣu tí a ń wà tà lọ́jà ń kó púpọ̀ rẹ̀ kúrò nínú ilẹ̀ wa. Bí a bá ń da èèpo wọn sí ààtàn ìlú, oko kò ní rí i gbà padà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún kán-ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní pọ́táàṣì, wọ́n sì rò pé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti ajílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú kán-ún, ó sì jẹ́ ìbátan iyọ̀ ọbẹ̀. Sódíọ̀mù jọ pòtásíọ̀mù tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè gba àwọn ilẹ̀kùn kan wọlé, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, májèlé ni. Irúgbìn á máa ná agbára láti tì í jáde. Ẹ má da kán-ún sí ìdí irúgbìn.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ ṢE

1. Ẹ má fi ajílẹ̀ òyìnbó sí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ dúró kí òjò rọ̀ dáadáa kí ilẹ̀ sì tutù dé ìsàlẹ̀. Ó sàn kí ajílẹ̀ pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ju kí ó jó oko lọ.

2. Ẹ má dà á lé ìdí irúgbìn. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré, ẹ dà á sí i, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó.

3. Ẹ pín in sí ọ̀nà méjì. Dída gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń mú kí iyọ̀ pọ̀ lápapọ̀. Ilẹ̀ oníyanrìn ló nílò ìkìlọ̀ yìí jù, nítorí kò lè di omi mú.

4. Bí ó bá ti jó, ẹ fi ọkọ́ wọ́ ajílẹ̀ tó kù kúrò nídìí rẹ̀ kíákíá. Bí odò bá wà nítòsí, ẹ bu omi tó pọ̀ sí i. Omi díẹ̀ kò tó, nítorí yóò tún yọ́ iyọ̀ sí i ni.

5. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, bí ẹ ti ń fi bo orí ebè iṣu. Ẹ fi bo ìdí ọ̀dọ́ kòkó àti kọfí kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ má jẹ́ kí ó kan igi rẹ̀, nítorí ikán.

6. Ẹ kó èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu àti ti ẹ̀gẹ́ jọ, kí wọ́n jẹrà, kí ẹ sì dá wọn padà sí oko. Ṣùgbọ́n èèpo kòkó tí àrùn ti sọ di dúdú kò gbọdọ̀ padà sínú oko kòkó.

7. Bí ẹ bá ní eérú ìdáná, ẹ fọ́n ọn ká díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ ni òun náà, ẹ má kó o jọ sójú kan. Ẹ má sì pò ó mọ́ yúríà, nítorí á mú kí agbára yúríà fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ má tìtorí eérú jó koríko oko o. Ohun tí ìbá di omi mú nínú ilẹ̀ ni iná ń jó lọ.

8. Bí ẹ bá kọ ebè gígùn, ẹ fi erùpẹ̀ dí aporo níwọ̀n ìgbà díẹ̀ kí omi òjò lè dúró kí ó sì wọlẹ̀.

9. Ẹ ro oko ní àkókò. Gbòǹgbò èpò náà ń fa omi yìí, kì í sì í san owó rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ OLÙGBỌ́

Ẹ jọ yẹ àwọn wọ̀nyí wò ní ìpàdé yín. Ta nínú yín ni àgbàdo rẹ̀ ti gbẹ létí rí, báwo ni ilẹ̀ sì ṣe rí ní ọjọ́ tó fi ajílẹ̀ sí i? Níbo ni èèpo iṣu àti ti ẹ̀gẹ́ inú ilé yín ń lọ? Ibo nínú oko yín ni ewé àgbàdo ti kọ́kọ́ ń ká, kí sì ni ìyàtọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ sí ti ìyókù?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, a kò ní agbára láti pe òjò. Ṣùgbọ́n irúgbìn ti ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó mọ ìgbà tí omi ń dín kù, ó mọ bí a ti ń pa ẹnu dé, ó sì mọ iyọ̀ tí yóò kó wọlé. Kí a bá a pa omi mọ́ sílẹ̀, kí a fún un ní oúnjẹ nígbà tí ilẹ̀ tutù, kí a má sì da iyọ̀ sí ibi tó ti ń wá omi. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kó àgbàdo pamọ́ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Okun o, ire oko o.